Ọwọ́ Tó Ń Gbọ̀n Láàárọ̀

Nínú lẹ́tà tó o kọ sí mi, o ní o ti lọ sí mítìn àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí lẹ́ẹ̀mejì, o ò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ti àkọ́kọ́, àga wọn ò dáa (ṣé àga lo lọ rà ni?). Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, bàbá kan dìde, ó ń sọ̀rọ̀, ó bú sẹ́kún, ojú wá tì ẹ́ fún un. Ìbéèrè ẹ wá ni pé níbo lo ti lè rí ẹgbẹ́ tó jẹ́ àwọn irú ẹ ló wà ńbẹ̀, àwọn tó níṣẹ́ gidi lọ́wọ́, tẹ́nikẹ́ni ò sì ní dá ẹ mọ̀.

Ìyẹn á dúró ná. Nítorí o sọ nǹkan kan láàárín lẹ́tà yẹn bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá: "mo kọ́kọ́ mu díẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà bí mo ṣe máa ń ṣe, kí ọwọ́ mi lè yéé gbọ̀n." Bí mo ṣe máa ń ṣe! Arákùnrin, lẹ́tà ẹ gan-an nìyẹn, ariwo ni gbogbo ìyókù. Lẹ́tà irú èyí tí mo ń gbà pọ̀, bákan náà sì ni gbogbo wọn, wọ́n á bèèrè bí ibẹ̀ ṣe rí àti àwọn wo ló ń lọ, ohun tó ń pa wọ́n lọ á wá wà nísàlẹ̀ ìwé lọ́hùn-ún. A fi ètè sílẹ̀ a ń pa làpálàpá.

Ọwọ́ tó jẹ́ pé ọtí nìkan ló ń mú un dúró láàárọ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àárẹ̀ o, kì í sì í ṣe pé o ò sùn dáadáa. Ọtí máa ń tẹ ọpọlọ mọ́lẹ̀, ọpọlọ náà á wá máa sá eré àsápajúdé kó lè bá a dọ́gba, ọjọ́ tó o bá yọ ọtí kúrò lójijì eré yẹn ò ní dúró, ìdí nìyẹn tí ọwọ́ fi ń gbọ̀n tí òógùn ń bò ẹ́ tí àyà ẹ ń lù kìkì. Láàárín wákàtí 6 sí 48 lẹ́yìn tó o mu kẹ́yìn, wárápá lè gbé ẹ ṣánlẹ̀, ìwọ tí o ò ní wárápá rí. Tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta, àwọn míì á máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, wọn ò ní mọ ibi tí wọ́n wà mọ́, ó sì máa ń pa èèyàn tí wọn ò bá tètè tọ́jú ẹ̀.

Ìwọ wá ń sọ fún mi pé tó o bá ti rí mítìn tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, wàá "gé e lẹ́ẹ̀kan náà bí ọkùnrin." Jọ̀ọ́, má ṣe ọkùnrin kankan fún mi. Má dá a dúró lójijì. Dọ́kítà lo kọ́kọ́ máa lọ rí, kó o sì sọ iye tó ò ń mu gan-an fún un, kì í ṣe ìdajì tó o sọ fún ìyàwó ẹ. Òògùn wà tí wọ́n fi ń bá èèyàn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ò sì ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ. Mítìn ò lè ṣèyẹn fún ẹ.

Ó dáa, mítìn. AA, ìyẹn Alcoholics Anonymous, ẹgbẹ́ àwọn tó fẹ́ jáwọ́ nínú ọtí, ní áàpù kan lórí fóònù, Meeting Guide lorúkọ ẹ̀, ó máa fi èyí tó sún mọ́ ẹ hàn ẹ́ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Orí íntánẹ́ẹ̀tì làwọn míì ti ń ṣe tiwọn. Tí wọ́n bá kọ "open" síbẹ̀, ìyàwó ẹ lè bá ẹ lọ, "closed" jẹ́ ti ẹni tó fẹ́ jáwọ́ nìkan. Wọn ò ní gbowó ìwọlé, wọn ò ní bi ẹ́ lórúkọ bàbá ẹ. Tí Ọlọ́run tí wọ́n ń mẹ́nu bà bá ń dà ẹ́ láàmú, SMART Recovery, ẹgbẹ́ míì fún àwọn tó fẹ́ jáwọ́, ò sí nídìí ìyẹn. Ìyàwó ẹ náà ní tiẹ̀, Al-Anon, ẹgbẹ́ àwọn ẹbí ẹni tó ń mutí, kò sì ní láti dúró dè ẹ́ kó tó lọ.

Ní ti "irú mi" tó ò ń pariwo yẹn, ṣó o mọ àwọn méjì tó dá AA sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà? Bill Wilson ti ṣiṣẹ́ ní Wall Street, níbi táwọn olówó ti ń ra ìpín ilé iṣẹ́ ní New York. Bob Smith, dọ́kítà oníṣẹ́ abẹ ni. Láàárọ̀ June 10, 1935, Bob fẹ́ lọ la èèyàn, ọwọ́ ẹ̀ ń gbọ̀n, Bill fún un ní bíà kan kí ọwọ́ lè dúró. Bíà yẹn ló mu kẹ́yìn títí tó fi kú ní 1950. (Mi ò ní kó o ṣe bẹ́ẹ̀ o, dọ́kítà ni mo ní kó o lọ bá.) Ṣé irú ẹ kọ́ nìyẹn? Tí ẹnì kan bá sì dá ẹ mọ̀ ńbẹ̀, kí lòun náà wá ṣe?

Bàbá tó sunkún yẹn, mi ò gbà pé òun lojú tì ẹ́ fún.

Lọ́la ni kó o lọ rí dọ́kítà, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Tó o bá ti débẹ̀, kọ̀wé sí mi pé o dé. Ìgbà yẹn la máa wá sọ ọ̀rọ̀ àga.