Ṣé oníbodè la lè pe transporter inú ọpọlọ?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ ní ọmọ yín tó wà ní yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń kàwé nípa amino acid transporter inú ọpọlọ, ìyẹn àwọn purotéènì tó ń gbé amino acid (èròjà tí ara fi ń kọ́ purotéènì) wọ sẹ́ẹ̀lì tàbí jáde, ó ní kẹ́ ẹ bá òun wá orúkọ Yorùbá fún un, ẹ wá sọ pé oníbodè, ọmọ náà sì ń rẹ́rìn-ín. Kó má rẹ́rìn-ín jàre, ẹ gbà á, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wọn lorúkọ yẹn bá mu.

Oníbodè ayé àtijọ́ ní Ọ̀yọ́ kì í kàn ṣe ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn tó ń tìlẹ̀kùn. Ìlú lódi, odi ní bodè, oníbodè ló jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá gbé ẹrù dé, á wo ẹrù ẹ̀, á gbowó ẹyọ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó kọjá, òun náà la fi ń pe kọ́sítọ́ọ̀mù ní aṣọ́bodè dòní. Àwọn babaláwo tún máa ń sọ pé ọ̀kan wà lọ́run, téèyàn bá ti mú orí nílé Àjàlá tán, ọ̀dọ̀ oníbodè yìí ló máa gbà wá sáyé, á sì ka ohun tó fẹ́ wá ṣe fún un. Orí àti bodè ti ń bára wọn rìn tipẹ́, àbí ẹ ò rí i?

Ó dáa, ọpọlọ ńkọ́? Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó di ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín inú ọpọlọ fún mọ́ra wọn bí odi, nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ ò lè ṣàdédé yọ́ wọlé. Transporter kan tó ń jẹ́ LAT1 ló dúró níbẹ̀, lápá ẹ̀jẹ̀ àti lápá ọpọlọ, amino acid kan á jáde kó tó jẹ́ kí òmíràn wọlé, ìyẹn lowó ẹyọ tiẹ̀. Àwọn amino acid bíi leucine, phenylalanine, tryptophan, gbogbo wọn ló ń tì ara wọn lẹ́nu ọ̀nà yìí, levodopa tí wọ́n ń lò fún àìsàn Parkinson náà ibẹ̀ ló ń gbà, ìyẹn ni dókítà fi ń sọ fún àwọn kan pé kí wọ́n má lo oògùn yẹn pọ̀ mọ́ ẹran tàbí mọ́ínmọ́ín, torí amino acid inú oúnjẹ yẹn náà á wá síbẹ̀, ẹrù á pọ̀ lẹ́nu bodè.

Àwọn transporter tó wà nínú ọpọlọ gan-an ni mi ò lè pè ní oníbodè, èmi ò rí owó ẹyọ kankan níbẹ̀. Glutamate, amino acid kan, ni sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, tó bá sì pẹ́ nílẹ̀ ó ń pa wọ́n, àfi kí ẹnì kan tètè kó o. Bí àwọn tó ń gbálẹ̀ Akẹ̀sán lẹ́yìn ọjà ni àwọn transporter tó ń jẹ́ GLT-1 àti GLAST rí, ara astrocyte, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó ń ran àwọn tó ń ránṣẹ́ lọ́wọ́, ni wọ́n wà, GLT-1 pọ̀ níwájú ọpọlọ, GLAST ló pọ̀ nínú ọpọlọ kékeré lápá ìpàkọ́. Ẹnì kẹta wọn, EAAC1, ní tiẹ̀ wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń ránṣẹ́ fúnra ẹ̀. Ọdún 1992 ni wọ́n dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀, lára eku àti ehoro. Agbálẹ̀ ni kí ọmọ yẹn pè wọ́n.

Ó ku transporter kan, GlyT2, tó ń kó glycine, amino acid mìíràn tí wọ́n fi ń ránṣẹ́, padà sínú sẹ́ẹ̀lì tó rán an níṣẹ́ kó lè tún un lò, ó pọ̀ ní ìdí ọpọlọ àti okùn inú eegun ẹ̀yìn. Orúkọ tìyẹn ò tíì yá mi lẹ́nu, ẹ ní kí ọmọ náà wá tirẹ̀.