Ṣé Gates Foundation máa ń fún èèyàn lówó lọ́wọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ẹnì kan fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé Gates Foundation ti mú orúkọ mi, àfi kí n kọ́kọ́ san owó fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó sanwó sínú àkáǹtì mi. Àbúrò mi ní irọ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, tí kì í bá ṣe àwa mẹ̀kúnnù ni wọ́n ń fún, ta wá ni wọ́n ń kó gbogbo bílíọ̀nù yẹn fún?

ÌDÁHÙN: Ẹ gbọ́ ti àbúrò yín o! Gbájúẹ̀ ni wọ́n, ẹ má san nǹkankan. Àjọ yẹn kì í fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lówó rárá.

Yunifásítì tó ń ṣèwádìí, iléeṣẹ́ oògùn, àtàwọn àjọ tó ń ra àjẹsára fún orílẹ̀-èdè púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n ń gbówó fún, bíi Gavi tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2000, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣèlérí mílíọ̀nù 750 dọ́là fún. Mo mọ̀ pé ẹ máa ní báwo nìyẹn ṣe kan mẹ̀kúnnù, ẹ jẹ́ kí n fi àrùn yírùnyírùn (meningitis) ṣàlàyé.

Àrùn yìí máa ń jà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ lábẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà, láti Senegal dé Ethiopia. Láàárín 1996 sí 1997 nìkan, ó pa nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 25 èèyàn. Ọmọ tí kò bá sì pa, ó lè sọ ọ́ di adití, lẹ́yìn tí òbí ẹ̀ ti ta gbogbo ohun tó ní torí oògùn, ibẹ̀ gan-an ni òṣì ti ń wọlé. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe lè ṣe àjẹsára tó máa kápá irú A tó ń pa wọ́n jù, àmọ́ ta ló fẹ́ ná owó rẹpẹtẹ sórí ọjà tí ẹni tó nílò ẹ̀ ò lè rà? Lọ́dún 2001 Gates Foundation gbé mílíọ̀nù 70 dọ́là kalẹ̀ fún PATH, àjọ ìlera kan ní Amẹ́ríkà, àti Àjọ Ìlera Àgbáyé, wọ́n bi àwọn aláṣẹ ìlera ilẹ̀ Áfíríkà léèrè iye tágbára wọn ká, wọ́n ní kí abẹ́rẹ́ kan má tó 50 sẹ́ǹtì dọ́là, iye yẹn ni wọ́n mú dání kí wọ́n tó wá ẹni tó máa ṣe é. Serum Institute, iléeṣẹ́ tó ń ṣe àjẹsára ní Íńdíà, gbà á. Nígbà tó di December 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní Burkina Faso, láti 2017 wọn ò sì tíì rí ẹnì kan tí irú A mú lágbègbè yẹn mọ́. (Àwọn irú yòókù ṣì ń jà o.)

Tí ẹ bá rí ìgò àjẹsára náà, ẹ wò ó dáadáa. Àmì róbótó kékeré aláwọ̀ àlùkò kan wà lára ẹ̀, onígun mẹ́rin tó mọ́lẹ̀ jù ú lọ wà láàárín ẹ̀. Bí ooru bá ṣe ń mú un ni onígun mẹ́rin yẹn ń dúdú sí i, tó bá ti dúdú tó èyí tó yí i ká, nọ́ọ̀sì ò gbọ́dọ̀ gún un fún ẹnikẹ́ni mọ́. Lọ́dún 2012 wọ́n fọwọ́ sí i pé ó lè wà níta fìríìjì fún ọjọ́ mẹ́rin, kódà tí ooru bá tó 40 lórí ìwọ̀n Celsius, ìyẹn ni wọ́n ṣe lè gbé e dé abúlé tí kò níná rárá. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí ìyẹn.

Owó Bill Gates àti Melinda ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, Warren Buffett, olówó ilẹ̀ Amẹ́ríkà, náà wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sí i lọ́dún 2006. Ní May 2025, Gates ní àwọn máa ná 200 bílíọ̀nù dọ́là láàárín ogún ọdún, àwọn á sì ti àjọ náà pa ní ìparí 2045.

Ohun kan ṣì ń kọ mí lóminú. Ẹni tó lówó ló ń yan àrùn tí wọ́n máa gbógun tì, èyí tó pọ̀ nínú owó tí wọ́n sì ń fún Àjọ Ìlera Àgbáyé, rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n ná an sí. Ó dáa, àmọ́ àrùn tí kò bá wu olówó ńkọ́?

Tí ẹnikẹ́ni bá tún ní òun ń bá wọn ṣiṣẹ́, ẹ wo ìkànnì wọn, wọ́n ń kọ orúkọ àjọ tó gba owó lọ́wọ́ wọn àti iye tó gbà síbẹ̀. Ẹ sì blọ́ọ̀kù nọ́ńbà yẹn lónìí.