Oorun, oòrùn àti òórùn búrẹ́dì

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ ẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ èyí. O ní oṣù kẹrin rèé tí o ti ń ṣọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Under-G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, o ń wọṣẹ́ ní aago méje alẹ́, o ń jáde ní méje àárọ̀, tí o bá sì délé, o ò lè sùn ju wákàtí mẹ́ta lọ. O ní nǹkan ti tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì lẹ́ẹ̀mejì, ojú ẹ là sílẹ̀ ṣùgbọ́n ẹnu ò ṣeé là. Màmá ẹ ní ogun òru ni, kí ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. Ẹlòmíràn ní kí o lọ ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì. O wá ní kí ẹni tó bá ti rí irú ẹ̀ rí bá ẹ sọ̀rọ̀.

Mo ti rí irú ẹ̀. Èmi kì í ṣe dókítà o, búrẹ́dì ni mo ṣe. Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni mo fi ṣiṣẹ́ òru ní bẹ́kìrì kan nítòsí Tákíè, láti aago mẹ́sàn-án alẹ́ títí di mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀.

Ọdún kẹta mi níbẹ̀ ni mo sùn lórí máṣíìnì. Mo ní mo sùn, mi ò ní mo tòògbé. Mo ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, oòrùn ti ń yọ, búrẹ́dì mẹ́fà wà nínú ọ̀rá tí mo so mọ́ ẹ̀yìn. Mo rántí pé mo kọjá níwájú ilé epo kan. Ohun tí mo tún rántí lẹ́yìn ìyẹn ni pé mo wà nínú gọ́tà, táyà ẹ̀yìn ṣì ń yí, ewúrẹ́ méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Obìnrin tó ń ta ẹ̀kọ lódìkejì ọ̀nà sọ pé òun ń wò mí bọ̀, pé ojú mi là kedere bí mo ṣe ń wọ inú gọ́tà lọ. Ojú là, ọpọlọ ti sùn. Ìṣẹ́jú àáyá bíi mélòó kan péré ni, kò sì sí agídí tí èèyàn lè fi dá a dúró. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Mi ò mọ ibi tí wọ́n máa to irú èmi sí, tí mo sùn tí mo tún ń wa máṣíìnì.

Tẹ́lẹ̀, mo rò pé gbèsè lásán ni oorun: o jẹ ẹ́ lóru, o san án lọ́sàn-án, ó tán. Gbèsè wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí o bá ti jí, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní adenosine á máa pọ̀ sí i nínú ọpọlọ, òun ló ń mú ojú wúwo, oorun ló sì ń pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n nǹkan kejì wà tí kò bá gbèsè kankan tan. Aago wà nínú ara. Mi ò fi ṣe àfiwé o. Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti gba orí ara wọn kọjá, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n tó bí 20,000, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n máa ka wákàtí fún gbogbo ara.

O mọ patanmọ́. Ta ló dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò fọwọ́ kàn án rí lójú ọ̀nà ilé ìwé kó lè rí i bó ṣe ń pa itan mọ́? Ewé yẹn máa ń pa dé fúnra ẹ̀ bí ilẹ̀ bá ṣú, ilẹ̀ mọ́, á ṣí. Ní 1729, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Jean-Jacques d'Ortous de Mairan, gbé irú ewé bẹ́ẹ̀ sínú òkùnkùn níbi tí oòrùn ò lè dé. Àárọ̀ tó, ó ṣí. Alẹ́ lẹ́, ó pa dé. Kò rí oòrùn, ó mọ àkókò. Àkùkọ náà bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan ní Nagoya, ní Japan, kó àkùkọ síbi tí iná ibẹ̀ kò mọ́lẹ̀ púpọ̀, tí kì í sì í yí padà tọ̀sán-tòru. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2013 ni pé àkókò tí ilẹ̀ ìbá máa mọ́ bọ̀ náà ni wọ́n ṣì ń kọ. Àwọn mẹ́ta tó wá ìdí ẹ̀ dé inú sẹ́ẹ̀lì, Hall, Rosbash àti Young, ara kòkòrò tíntín tó máa ń fò lórí èso ni wọ́n ti rí i, ó sì gbé ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2017. Tí kòkòrò orí máńgòrò bá ní aago, ṣé tìẹ ló wá máa dákẹ́ torí pé ọ̀gá kan ní kí o máa ṣọ́ géètì?

Aago tiwa kò tiẹ̀ pé rẹ́gí. Bí èèyàn ò bá rí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán rárá, wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá lé díẹ̀ ni aago ẹ̀ á máa fi yípo, á sì máa fi díẹ̀díẹ̀ sá kúrò lára ọjọ́. Oòrùn ló ń bá a tún un tò láràárọ̀, ojú ló sì ń gbà wọlé. Ìgbà tí mo mọ èyí ni mo tó rí ohun tó wà nínú èdè wa: oorun àti oòrùn, àmì orí nìkan ló yà wọ́n, ọ̀kan ló sì ń darí èkejì. (Tí o bá wá fi òórùn búrẹ́dì kún un, ìtàn ayé mi pé.)

Wá wo iṣẹ́ ẹ báyìí. Láàárín aago mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí, ara èèyàn máa ń tutù ju gbogbo ìgbà yòókù lọ. Èmi ń dúró níwájú ààrò tó ń jó gerere, òtútù ń mú mi. Wákàtí yẹn ni mo fi ọwọ́ lásán fa páànù gbígbóná yọ, àkísà tó yẹ kí n fi dì í mú sì wà léjìká mi. Àpá ẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ òsì mi dòní. Olè tó bá gbọ́n, wákàtí yẹn náà ló máa wá bá ẹ. Lẹ́yìn náà ilẹ̀ mọ́, o gun ọ̀kadà, oòrùn àárọ̀ kọjú sí ẹ ní tààrà, ohun kan ṣoṣo ni aago inú ọpọlọ sì gbọ́: ilẹ̀ mọ́ o, ẹ dìde. Melatonin, èròjà tí ara fi ń kéde òru, á dáwọ́ dúró. Ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ìgbà yẹn lo wá tẹ́ ẹní. Má wulẹ̀ bá àwọn ọmọ àdúgbò jà, ariwo wọn kọ́ ló ń jí ẹ ní aago mọ́kànlá.

Ó kan ọ̀rọ̀ màmá ẹ.

Wọ́n tẹ èmi náà. Ti àkọ́kọ́, nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀, mo ń gbọ́ ìyàwó mi tó ń bu omi lẹ́yìn ilé, mo ń rí àjà, mo ń rí aṣọ tí mo fi kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Nǹkan kan jókòó lé àyà mi. Mo fẹ́ pe Jésù, ètè ò gbéra. Aṣọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn di obìnrin, obìnrin yẹn sì jọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣẹlẹ̀ lóṣù yẹn. Mo lọ sórí òkè àdúrà, mo náwó, wọ́n fún mi lómi, wọ́n ní kí n wo ìdílé bàbá mi dáadáa. Mo wò ó. Fún ọdún méjì mi ò jẹun nílé màmá yẹn. Tí mo bá lọ kí wọn, tí wọ́n gbé àmàlà láfún kalẹ̀, màá ní mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni. Wọ́n mọ̀. Wọ́n á kàn gbé e kúrò, wọ́n á ní kí n kí ìyàwó.

Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lójú. Mo gbé ọmọ mi tí ibà ń ṣe lọ sọ́dọ̀ wọn, mo sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì níbi tí a ti ń dúró, mo sì fi igbe jí. Kò bi mí nípa ìdílé ẹnikẹ́ni. Ó ní, ‘Dádì, aago mélòó lẹ máa ń sùn? Ṣé ẹ̀yìn lẹ máa ń fi lélẹ̀?’

Oríṣiríṣi ni oorun. Ní 1953, àwọn onímọ̀ méjì ní Chicago, Aserinsky àti Kleitman, gbé e jáde pé àsìkò kan wà nínú ẹ̀ tí ẹyinjú máa ń sáré síwá-sẹ́yìn lábẹ́ ìpéǹpéjú. Àsìkò yẹn ni àlá tó ṣe kedere jù máa ń wá. Ara á ti iṣan pa nígbà náà, àyàfi ti ẹyinjú àti èyí tí a fi ń mí, kí o má baà gbé ìjà ojú àlá dé orí ẹni tó sùn tì ẹ́. Tí ọpọlọ bá wá jí kí ara tó ṣí ilẹ̀kùn, àárín méjì lo wà: ojú ti là, ara ṣì wà ní títì, àlá ò sì tíì tán, ó ń gun orí aṣọ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Àyà á wúwo torí o fẹ́ mí kanlẹ̀, iṣan àyà ò dá ẹ lóhùn. Kì í pẹ́, á tú ẹ sílẹ̀. Àìsùntó ló máa ń pè é, àti kí èèyàn máa sùn ní wákàtí tí kò dúró sójú kan, àti ìfẹ̀yìnlélẹ̀. Ìdájí sí àárọ̀ ni oorun àlá yìí máa ń pọ̀ jù, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ẹni tó sùn ní aago mẹ́jọ àárọ̀ fi ń tètè já sínú ẹ̀.

Àwọn ará Japan ń pè é ní kanashibari. Ní Newfoundland, ní Kánádà, wọ́n ní ìyá arúgbó kan ló ń wá jókòó sí èèyàn láyà. Ìyá arúgbó lọ́hùn-ún, ìyá arúgbó níhìn-ín. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ò dé Ìbàdàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ láyé wọn, áńbọ̀sì Kánádà. Ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yẹn bi mí léèrè, oṣù márùn-ún ti kọjá tí a ti sin wọ́n.

Gbàdúrà, mi ò ní kí o má gbàdúrà. Ṣùgbọ́n fi ẹ̀gbẹ́ sùn, kí o má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ èèyàn kankan fún ẹ.

Ohun tó ba tèmi jẹ́ jù, mi ò tètè mọ̀ ọ́n. Mo ń bínú sí òru márùn-ún tí mo fi ń ṣiṣẹ́, ọjọ́ ìsinmi méjì ló ń pa mí. Mo máa ń fẹ́ di èèyàn ọ̀sán padà: òde, ìpàdé ẹbí, ibùsùn ní aago mẹ́wàá alẹ́. Ó di ọjọ́ kẹta, mo tún yí i. Aago inú ara kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Wákàtí kan sí méjì ló lè sún lójúmọ́, nígbà tó bá sì ń múra àtidébẹ̀, mo ti tún fà á sẹ́yìn. Àfi bí ẹni tó ń lọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ Ajé tó ń padà lọ́jọ́ Ẹtì, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìrí ẹ̀bùn kankan kó bọ̀.

Nígbẹ̀yìn, mo mú wákàtí mẹ́rin kan tí mi ò fi ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ mọ́: aago mẹ́jọ àárọ̀ sí méjìlá ọ̀sán. Lọ́jọ́ iṣẹ́, mo ń sùn nígbà yẹn, màá tún fi bíi wákàtí méjì ààbọ̀ kún un nírọ̀lẹ́ kí n tó jáde. Lọ́jọ́ ìsinmi, màá sùn ní aago mẹ́rin ìdájí títí wọ inú wákàtí mẹ́rin yẹn, àyàfi ọjọ́ Àìkú tí ìyàwó mi ò gbà fún mi. Àgbàlagbà nílò wákàtí méje ó kéré tán, torí náà tèmi ò pé lọ́jọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mẹ́ta. Láàárín oṣù méjì, nǹkan yẹn ò tẹ̀ mí mọ́.

Mo ra jígí dúdú, mo ń wọ̀ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà bẹ́kìrì délé, ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni mo sì ń jókòó, torí láti ọjọ́ gọ́tà ni mi ò ti wa máṣíìnì láàárọ̀ mọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ń pè mí ní ọlọ́pàá inú. Jẹ́ kí wọ́n pè ẹ́. Níbi iṣẹ́, jókòó sábẹ́ iná tó mọ́lẹ̀ dáadáa, pàápàá kí òru tó jìn.

Ẹ̀yin ọdẹ àti obì! Èròjà inú kọfí, caffeine, náà ló wà nínú obì. Àyè adenosine ló ń gbà jókòó. Kò san gbèsè kankan, ó kàn dúró sẹ́nu ọ̀nà kí olówó má rí ẹ. Ìdajì ẹ̀ ṣì máa ń wà lára lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, tó fi jẹ́ pé obì tí o jẹ ní aago márùn-ún ìdájí ṣì ń bá ẹ du orí ìrọ̀rí ní mẹ́wàá. Jẹ ẹ́ ní mẹ́sàn-án alẹ́. Tó bá ti di aago méjìlá, gbé e sápò. Ti paraga, mo mu ún fún ọdún kan kí n lè sùn: ó ń tètè gbé mi lọ, wákàtí méjì lẹ́yìn náà mo ti jí pẹ̀lú ọ̀nà ọ̀fun gbígbẹ. Oògùn oorun yẹn, má rà á láìrí dókítà. Kò lè sún aago kankan, òmíràn sì ń di bárakú.

O ò sọ bóyá o máa ń hanrun. Tó bá jẹ́ pé màmá ẹ ń gbọ́ ọ láti yàrá kejì, tó sì máa ń dákẹ́ lójijì bíi pé èémí já, tó tún fi ìdágìrì bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun ló ń pa dé, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ jígí dúdú. Ilé ìwòsàn ni. Ẹ̀rọ wà tó ń gba imú fẹ́ atẹ́gùn sí i kó má baà pa dé, ọmọ Australia kan, Colin Sullivan, ló gbé e jáde ní 1981.

Tí ọ̀nà bá sì ṣí sí iṣẹ́ ọ̀sán, bọ́ sí i. Àwọn tó ń wádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ka iṣẹ́ òru mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fà á láti 2007, wọ́n tún un yẹ̀ wò ní 2019, ibẹ̀ náà ni wọ́n fi í sí. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ̀rù lè bà ẹ́. Èmi náà ò lè fi í sílẹ̀ títí tí àbíkẹ́yìn mi fi jáde ìwé mẹ́wàá.

Ó ku aṣọ ojú fèrèsé. Kó dúdú, kó jẹ́ ìpele méjì. Wọn fèrèsé náà kí o tó lọ sọ́jà o. Èmi ò wọ̀n ọ́n, èyí tí mo kọ́kọ́ rà kù ní ìka mẹ́rin nísàlẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni oòrùn aago mẹ́wàá ń gbà wọlé wá bá mi lójú.