Ṣé irọ́ ni "wọlé kí òtútù má baà mú ẹ"?

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè. Ẹ ní kí làwọn ìyá wa ń wí gan-an tí wọ́n bá ń lé ọmọ wọlé lásìkò òjò pé kí òtútù má mú un, nígbà táwọn dọ́kítà ní fáírọ́ọ̀sì ló ń fa ọ̀fìnkìn. Èmi ò fara mọ́ àwọn tó ń pe ìkìlọ̀ yẹn ní àìmọ̀kan rárá.

Òótọ́ ni pé òtútù nìkan ò lè dá ọ̀fìnkìn sílẹ̀, fáírọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ wà ńbẹ̀, rhinovirus ló sì sábà máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo inú imú fúnra ẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ inú imú àti ọ̀nà èémí kì í ṣe awọ lásán o, tí fáírọ́ọ̀sì bá wọnú ọ̀kan nínú wọn tó ń pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì yẹn ní ohun tó fi ń dá RNA àjèjì mọ̀, ìyẹn èròjà tí fáírọ́ọ̀sì fi ń gbé àbùdá ẹ̀, ló bá tú èròjà ìkìlọ̀ tí wọ́n ń pè ní interferon síta, bí ẹni tólè wọlé ẹ̀ tó figbe ta, àwọn tó múlé tì í á gbọ́, wọ́n á ti múra kí fáírọ́ọ̀sì tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó tún máa ń ránṣẹ́ pe sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀, imú tó dí àti ikun tó ń dà yẹn, ìjà tára ń jà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ọdún 1957 ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì, Alick Isaacs àti Jean Lindenmann, ṣàwárí interferon yìí ní Lọ́ńdọ̀nù.

Wàyí o, inú ara wa máa ń wà ní nǹkan bíi 37 dígírì, àmọ́ imú tó ń fa atẹ́gùn tútù lè wálẹ̀ sí bíi 33. Lọ́dún 2015, Ellen Foxman, Akiko Iwasaki àtàwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Yale, l'Amẹ́ríkà, dán an wò lára sẹ́ẹ̀lì ọ̀nà èémí eku: ní 33, igbe yẹn ò lágbára tó ti 37, rhinovirus sì ráyè pọ̀ dáadáa. Sẹ́ẹ̀lì eku nínú láàbù ni o, kì í ṣe ọmọ tó ṣeré nínú òjò, torí náà mi ò ní sọ pé òjò pa ọmọ, ọ̀fìnkìn dé.

Fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti róòbù tí wọ́n ń fi pa àyà ọmọ, ìyẹn làwọn ìyá wa fi ń sọ pé kára ọmọ má tutù jù. Ohun tí ìkìlọ̀ wọn ò dárúkọ ni àlejò tó ń sín tó sì ń na ọwọ́ gba ọmọ jòjòló. Ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ fi ọṣẹ fọwọ́, tó bá ṣì ń sín, ẹ má gbọ́mọ fún un, ì báà ṣe ìyá ọkọ yín.