Àdán Kọ́ Ló Wà Lájà Yín

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Tíṣà. Ilé-Ifẹ̀ la ń gbé, a ò jìnnà sí géètì yunifásítì. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àdán á bo gbogbo ojú ọ̀run. Àwọn kan ti wá sọ àjà wa dilé: ariwo lóru, òórùn lọ́sàn-án. Lánlọ́ọ̀dù ní òun á fín wọn lóògùn, òun á sì pe ọdẹ sí àwọn tó wà níta. Ìyá ọkọ mi ní àjẹ́ ni wọ́n. Kí ni ká ṣe? Ìyá Ìbejì, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ní ti ọ̀rọ̀ àjẹ́, mi ò ní bá ìyá ọkọ yín jà nínú ìwé ìròyìn.

Àwọn àgbà tó ní bí a ò bá rí àdán, a máa fi òòbẹ̀ ṣẹbọ, wọ́n mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni méjèèjì. Àdán ló ń bo ojú ọ̀run yẹn, àwọn tó ń so rọ̀ sórí igi nínú ọgbà OAU. Bó bá na ìyẹ́ tán, ó lè tó 75 sẹ̀ǹtímítà. Kí ló fẹ́ wá dé àjà? Òòbẹ̀ ló wà lókè orí yín, kòkòrò ló sì ń jẹ: ẹ̀fọn, èsúnsún, àfòpiná.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní bàólójì, mo máa ń ṣa èso tí àdán rún tó tu sílẹ̀ lọ sí kíláàsì. Ó máa ń rí bí ìrèké tí ọmọdé fà mu tán. Omi rẹ̀ ló ń fẹ́. Kóró wẹ́wẹ́ tó bá bá a wọnú, ojú ọ̀run ló máa yà á sí, níbi tó jìnnà sí ìdí igi. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá wa gbin ìrókò. Irú tí ẹ fi ń sebẹ̀ ńkọ́? Òdòdó igi irú máa ń rọ̀ bíi bọ́ọ̀lù pupa, àdán á wá lá oyin rẹ̀ lóru, á máa ru àtíkè òdòdó láti igi kan dé èkejì. Kí ọdẹ yẹn jókòó sílé rẹ̀ o. Ọmọ kan ṣoṣo ni àdán ń bí lọ́dún.

Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n. Lọ́dún 1956, wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì kan lára àdán ní Erékùṣù Èkó, ìbátan èyí tó ń fa dìgbòlugi, orúkọ Èkó ni wọ́n sì fi pè é. Bí àdán tàbí òòbẹ̀ bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì gba ọsibítù lọ lójú ẹsẹ̀.

Ó ku àjà. Oògùn tí lánlọ́ọ̀dù fẹ́ fín, ẹ̀yin àti ìbejì lẹ máa fà á símú. Ẹ jókòó síta ní ìrọ̀lẹ́ bíi mẹ́ta, kí ẹ wo ihò tí wọ́n ń gbà jáde; ó lè má ju àtàǹpàkò lọ. Ẹ kan nẹ́ẹ̀tì mọ́ òkè ihò náà, kí ẹ jẹ́ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ máa fì. Wọ́n á yọ́ jáde, wọn ò ní rọ́nà wọlé mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí káfíńtà dí i pa. Bí ọmọ wọn tí kò tíì lè fò bá wà níbẹ̀, ẹ ní sùúrù ná, torí bí wọ́n bá kú sókè, òórùn àkọ́kọ́ á dà bí lọ́fínńdà. Ìgbẹ́ wọn, ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó gbá a, kí ẹ sì bo imú.

Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ti gbó ni mo fi ṣe tèmi. Ìṣó nìkan ni mo rà.