Aláàmù iná tẹ́ ẹ kàn mọ́ àjà, èwo gan-an ni?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àbúrò mi tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé kó aláàmù iná mẹ́ta wá fún wa, gbogbo ẹ̀ ló funfun, gbogbo ẹ̀ ló rí roboto. Ẹni tó wá bá wa ṣe wáyà ní ìkan náà ni gbogbo ẹ̀, ló bá kan ìkan sí kíṣíìnì, ìkan sí pálọ̀, ó kan ìkan sí korídọ̀ ẹ̀yìn níbi tá a máa ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Kí n ṣáà ti máa dín dòdò báyìí, ti kíṣíìnì á ti bẹ̀rẹ̀ ariwo, bàbá àwọn ọmọ ti yọ bátìrì ẹ̀ dànù. Ṣé lóòótọ́ ni pé ìkan náà ni wọ́n? Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀? Ìyá Ìbejì, Tánkẹ́, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé o, ẹ bá wa kí àwọn ìbejì. Rárá o, wọn kì í ṣe ìkan náà, ojú wọn ló kàn jọra. Ẹ sọ wọ́n kalẹ̀ kẹ́ ẹ yí wọn sẹ́yìn, ẹ̀yìn yẹn ni òótọ́ wà. Èyí tó bá ti ìlú Ọba wá, tẹ́ ẹ bá rí EN 14604 lára ẹ̀, èéfín nìyẹn ń ṣọ́, tó bá jẹ́ BS 5446-2, ooru nìyẹn ń ṣọ́, tẹ́ ẹ bá wá rí EN 50291, ti carbon monoxide nìyẹn, ìyẹn gáàsì olóró tó ń tú jáde lára jẹnẹrétọ̀. Ẹ gba nọ́ńbà yẹn gbọ́ ju ohun tẹ́ni tó ń tà á bá sọ lọ.

Ti èéfín gan-an pín sí méjì. Ìkan wà tí wọ́n ń pè ní ionization, wọ́n fi americium-241 bíńtín, ìyẹn èròjà kan tó ń tú ìtànṣán tó léwu jáde, sínú ẹ̀, òun ló ń jẹ́ kí iná mànàmáná kékeré máa gba inú afẹ́fẹ́ tó wà nínú ẹ̀ kọjá, téèéfín bá ti wọbẹ̀ iná yẹn á lọ sílẹ̀, ló bá di ariwo. Ẹ máa rí Am-241 lẹ́yìn ẹ̀ àti àmì kan tó rí bíi fáànù abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta. Iná tó bá gbé ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan náà, bíi ti bébà tàbí ti epo, òun ló tètè ń mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí dòdò fi máa ń dà á láàmú. Tẹ́ ò bá tú u, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ọ̀bẹ tú u o, ẹ má sì jù ú mọ́ ìdọ̀tí tẹ́ ẹ fẹ́ dáná sun lẹ́yìnkùlé.

Ìkejì ni photoelectric, àwọn míì ń pè é ní optical. Ìmọ́lẹ̀ kékeré kan wà nínú ẹ̀, ojú kan náà wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ ìmọ́lẹ̀, àmọ́ wọn ò kọjú síra wọn, àfi téèéfín bá wọlé tó wá tú ìmọ́lẹ̀ yẹn ká kó tó kan ojú náà. Èyí ló dáa fún iná tó ń jó díẹ̀díẹ̀ tó ń rú èéfín tí kò tíì gbé ọwọ́, irú bíi kọ́ìlì ẹ̀fọn tó ṣubú sára fọ́ọ̀mù, tàbí wáyà tó ń yọ́ nínú ògiri. Irú iná bẹ́ẹ̀ lè gba wákàtí kó tó jó gidi, èèyàn á sì ti sùn lọ. Èmi o, photoelectric ni mo máa ní kẹ́ ẹ fi sí pálọ̀ àti ẹnu ọ̀nà yàrá tẹ́ ẹ ń sùn.

Kíṣíìnì ni ti ooru wà fún. Kò dá èéfín mọ̀ rárá, òmíì ń dúró dìgbà tí ibẹ̀ bá gbóná dé nǹkan bíi 57°C, òmíì ń wò ó bóyá ooru ń yára gòkè, torí náà ẹ dín dòdò yín, ẹ ro àmàlà yín, kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ má wá gbé e sí yàrá o, torí kó tó ké èéfín ti pọ̀ jù. Èyí tí bàbá wọn yọ bátìrì ẹ̀, tó bá jẹ́ ti èéfín, ẹ dá bátìrì padà kẹ́ ẹ gbé e kúrò ní kíṣíìnì, kó jìnnà sí ẹnu sítóòfù tó mítà 3.

Ọ̀rọ̀ korídọ̀ yẹn ló ká mi lára jù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò níbẹ̀ lónìí, kó jìnnà sílé tó mítà 6 ó kéré tán, kí ẹnu páìpù ẹ̀ má kọjú sí fèrèsé. Carbon monoxide tó ń tú jáde lára ẹ̀ ò láwọ̀, kò lóòórùn, inú ẹ̀jẹ̀ ló ń lọ jókòó sí, kò sì ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rí oxygen gbé. Orí á máa fọ́ èèyàn, èébì á máa gbé e, á ní ibà ni, á lọ dùbúlẹ̀, ibi tó ti burú nìyẹn. Aláàmù èéfín lè wà lókè orí yín kó má sọ nǹkan kan, EN 50291 nìkan ló lè kìlọ̀ fún yín. Iná èédú táwọn èèyàn ń gbé wọlé nígbà ọyẹ́ náà ń tú u jáde. Tí aláàmù ẹ̀ bá ké, kí gbogbo ilé bọ́ síta, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú àwọn ọmọ.

Kò sí èyí tó mọ̀ pé gáàsì ìdáná ń jò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́, ilẹ̀ ló ń wọ́ lọ, torí náà ìsàlẹ̀ ògiri ni wọ́n ń kan ẹ̀rọ tiẹ̀ mọ́.

ÌBÉÈRÈ: Tèmi kì í ké púpọ̀, ó kàn máa ń dún "píìn" lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lóru, kí ló fà á? Bàbá kan, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Bàbá, ẹ kú àìsùn. Tó bá ń dún bẹ́ẹ̀ ní bíi ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, bátìrì ló ń tán. Tó bá jẹ́ pé ó ń ké gidi láìsí iná, eruku ọyẹ́ tàbí kòkòrò ló wọ inú ẹ̀, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ẹ tún wo déètì tí wọ́n ṣe é lẹ́yìn ẹ̀, ti èéfín ò gbọdọ̀ ju ọdún 10 lọ bó tiẹ̀ ń dún tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ lẹ rà.