Kí lo lọ ń ṣe lẹ́yìnkùlé?

Ìyá ọmọ ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá kan kọ̀wé sí mi láti Ọbáńtòkò. Ó fẹ́ mọ òróró tó dára jù láti fi máa wọ́ ọmọ lára: ólífì ni, àbí òróró àgbọn, àbí òrí? Ìṣẹ́jú mélòó? Àárọ̀ ni àbí alẹ́? Àárín ìbéèrè wọ̀nyí ló ki ọ̀rọ̀ kan bọ̀: “Ìyá ọkọ mi ni wọ́n ń wẹ̀ ẹ́ látìgbà tí mo ti bí i. Tó bá ti ń ké, mo máa ń bọ́ sẹ́yìnkùlé títí wọ́n á fi ṣe tán.” Ló bá tún padà sórí òróró.

Ọmọ mi, fi òróró sílẹ̀ ná. Kí lo lọ ń ṣe lẹ́yìnkùlé?

Irú lẹ́tà yìí ti sú mi. Nǹkan rírà ni gbogbo yín ń bèèrè: òróró wo, ìpara wo, aṣọ ìnura wo. Ọwọ́ tó máa kan ọmọ lára, ẹ kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ohùn rẹ àti òórùn ara rẹ ni ọmọ yẹn mọ̀ jù láyé, ìgbà tó bá ń ké jù lọ lo sì ń fi í sílẹ̀.

Mi ò bá ìyá ọkọ rẹ jà o. Iṣẹ́ ọwọ́ gidi ni ìwẹ̀ àwọn ìyá wa. Mo rántí ìyá ìyá mi lágboolé wa ní Aké: wọ́n á jókòó lórí àpótí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á tẹ́ ọmọ lé ojúgun. Lẹ́yìn ìwẹ̀, wọ́n á fi ìka kan bu òrí, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pa á pọ̀ títí á fi yọ́ pátápátá, kí ọwọ́ wọn tó kan ọmọ. Wọ́n á máa kì í: Àdùkẹ́, Àdùkẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ tí ọmọ dì á sì máa tú, ìka kọ̀ọ̀kan.

Àmọ́ ọwọ́ yẹn kan náà ló máa ń ju ọmọ sókè kó má baà di ojo, tó máa ń di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, tí á dorí rẹ̀ kodò. Ìyẹn gbọ́dọ̀ tán. Ọrùn ọmọ kékeré ò tíì lè gbé orí. Tí a bá mì ín jìgìjìgì, ọpọlọ á máa gbá agbárí, iṣan ẹ̀jẹ̀ ibẹ̀ lè já. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ọ̀sẹ̀ kẹwàá náà ńkọ́? Itan ni wọ́n ń gún un sí, àwọn ìyá àgbà sì fẹ́ràn kí wọ́n fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́. Ṣé itan yẹn ni wọ́n ń tẹ̀ tó fi ń ké? O ò lè mọ̀. Ẹ̀yìnkùlé lo wà.

Má lọ já ọmọ gbà lọ́wọ́ wọn o. Kúnlẹ̀, kí o ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́ mi, kí n lè mọ̀ ọ́n ṣe tí ẹ bá padà sílé.” Inú wọn á dùn. Gbé àpótí tìrẹ ti tiwọn. Tí wọ́n bá fẹ́ jù ú sókè, na ọwọ́ gbà á, kí o ní nọ́ọ̀sì kìlọ̀. Ọkọ rẹ dà? Ìyá tirẹ̀ ni. Kó bá wọn sọ ọ́ lálẹ́.

Tó bá wá di ọwọ́ rẹ, pa fáànù. Jẹ́ kó tó ìdajì wákàtí lẹ́yìn ọmú. Ẹsẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, má tẹ ojú abẹ́rẹ́. Ní ikùn, yí àtẹ́lẹwọ́ po jẹ́jẹ́ bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Ọ̀nà tí ìfun ń gbà nìyẹn. Tó bá ń yíjú kúrò tàbí tó ń ké, ó ti tó nìyẹn, gbé e mọ́ra. Tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí o gbé e lọ, má wọ́ ọ.

Má rò pé eré ni mo ń pè ọ́ sí. Ní 1978, ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ẹ̀rọ tó ń mú ọmọ gbóná ò tó, ni dókítà Edgar Rey Sanabria bá ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ tóṣù ò pé lé àyà, ara sí ara. Ilé-Ifẹ̀ wa níbí wà lára ibi tí wọ́n ti ṣe ìwádìí tó jáde ní 2021: láàárín àwọn ọmọ tí wọn ò tó kílò 1.8, ikú fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù láàárín àwọn tí wọ́n gbé lé àyà ní kété tí wọ́n bí wọn. Ọwọ́ àti àyà lásán ni, wọn ò rà á lọ́jà.

Nǹkan kan ṣì ń dùn mí. Ojú ìwé méjì lo kọ, “ọmọ náà” lo ń pè é látòkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọkàn rẹ wúwo, tí oorun ò kùn ọ́, tí o ń sunkún láìnídìí, kì í ṣe ìwà burúkú, àìsàn tó máa ń bá ìyá ọlọ́mọ ni, ó sì ní ìtọ́jú. Sọ fún nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ abẹ́rẹ́ ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá. Tó bá le jù bẹ́ẹ̀, má dúró dọjọ́ náà, lọ lọ́la.

Òróró tí o bèèrè: òrí. Èyí tó mọ́, tí ò kan, díẹ̀ bíi góńgó ìka. Ìpara tó ń ta bíi mẹ́ńtọ́ọ̀lù ò gbọdọ̀ kàn án rárá. Pa á pọ̀ lọ́wọ́ títí á fi yọ́.